Translucent Kì Í Ṣe Ìdajì Ohunkóhun

Èrò kan wà tí àwọn olùkọ́ fi ń kọ́ ọmọ iléèwé, tí àwọn ìwé atúmọ̀-èdè kéékèèké ń tún sọ, tí àwọn tí ń kọ ètò kọ̀ǹpútà sì ti sọ di òfin, pé ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà, translucent, kò ní ìtumọ̀ mìíràn ju ohun tí ó mọ́ gaara dé ìdajì lọ. Gẹ́gẹ́ bí èrò yìí ti wí, orí àkàbà kan ṣoṣo ni a lè to gbogbo ohun tí ojú ń rí sí. Òkè àkàbà náà ni ohun tí wọ́n ń pè ní transparent wà, èyíinì ni ohun tí ojú lè gba inú rẹ̀ kọjá láti rí ohun tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ kedere, bíi dígí fèrèsé àti omi tí ó tòrò. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni ohun tí wọ́n ń pè ní opaque wà, èyí tí ìmọ́lẹ̀ kò lè gba inú rẹ̀ kọjá rárá, bíi pákó àti irin. Àárín méjèèjì ni wọ́n fi translucent sí, bí ẹni pé ohun tí ó ń gbìyànjú láti mọ́ ni, tí agbára rẹ̀ kò gbé e. Wọ́n ti tún un sọ títí ó fi dàbí òtítọ́ tí kò nílò ẹ̀rí, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe òtítọ́. Ohun tí a ń pè ní translucent kì í ṣe ìdajì ohun tí ó mọ́ gaara. Irú mìíràn ni, ìwà rẹ̀ yàtọ̀, iṣẹ́ rẹ̀ yàtọ̀, ìyàtọ̀ náà kò sì ní í ṣe pẹ̀lú púpọ̀ tàbí díẹ̀.

A kì í gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan kí a dá a, nítorí náà ó tọ́ kí a kọ́kọ́ gbé ẹjọ́ àwọn alákàbà kalẹ̀ bí àwọn fúnra wọn yóò ti rò ó. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n ń sọ ni ohun tí ojú rí: bí ènìyàn bá gbé dígí fèrèsé, dígí balùwẹ̀ tí a ha lójú, àti pátákó síwájú fìtílà lọ́kọ̀ọ̀kan, èkínní yóò fi ohun gbogbo hàn, èkejì yóò fi ohun díẹ̀ hàn ní bàìbàì, ẹ̀kẹta kò sì ní fi ohun kan hàn, kí ni ó wá burú nínú pípe èkejì ní àárín? Ohun kejì ni ìtàn ọ̀rọ̀ náà. Samuel Johnson, nínú ìwé atúmọ̀-èdè Gẹ̀ẹ́sì tí ó tẹ̀ jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1755, fi transparent gan-an túmọ̀ translucent, John Milton pẹ̀lú sì ti lo ọ̀rọ̀ náà nínú Comus, eré tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní Ludlow ní ọdún 1634, láti fi ṣàpèjúwe omi tí òrìṣà odò ń gbé, omi tí ó mọ́. Ohun kẹta ni àṣà àwọn oníṣòwò òkúta iyebíye, tí wọ́n ń to òkúta wọn láti orí èyí tí ó mọ́ jù dé orí èyí tí kò gba ìmọ́lẹ̀, tí translucent sì wà láàárín ìtòlẹ́sẹẹsẹ náà. Ohun kẹrin, tí ó sì lágbára jù lójú ọ̀pọ̀lọpọ̀, ni ìrọ̀rùn: ọmọ kékeré lè há àkàbà onípele mẹ́ta sórí láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹjọ́ náà nìyí, a kò bù ú kù.

Kí a tó dáhùn, ó yẹ kí a mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ gan-an nígbà tí ìmọ́lẹ̀ bá wọ inú ohun kan. Ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ohun náà lè ṣe sí i. Ó lè gbé e mì, èyíinì ni pé apá kan ìmọ́lẹ̀ náà yóò di ooru níbẹ̀, iye rẹ̀ yóò dín kù, ṣùgbọ́n ìyókù tí ó ṣẹ́ kù yóò máa bá ọ̀nà rẹ̀ tààrà lọ. Ó sì lè fọ́n ọn ká, èyíinì ni pé ìmọ́lẹ̀ náà lè má dín kù rárá, ṣùgbọ́n yóò yà kúrò lójú ọ̀nà tí ó bá wọlé, yóò sì máa jáde sí ìhà gbogbo. Àwòrán tí ojú ń rí kò sì ju ètò lọ: ìtànṣán tí ó ti orí ènìyàn wá ní ọ̀nà tirẹ̀, èyí tí ó ti ẹsẹ̀ wá ní ọ̀nà tirẹ̀, bí wọ́n ṣe ya ara wọn sọ́tọ̀ tí wọ́n sì dé inú ẹyinjú létòlétò ni ojú fi ń mọ̀ pé orí nìyí, ẹsẹ̀ nìyẹn. Gbígbé mì a máa dín iye ìtànṣán kù, ètò wọn a sì wà bí ó ti wà. Fífọ́n ká a máa da ètò rú, kódà bí ìtànṣán kan ṣoṣo kò bá sọnù. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Bẹ́ẹ̀ náà ni kì í ṣe ohun kan ṣoṣo ní í dí ènìyàn lọ́wọ́ àti rí òdìkejì. Àkàbà kan wo ni ó fẹ́ gba ohun méjì tí kò jọra yìí?

Ẹ jẹ́ kí a wá mú ọ̀rọ̀ ìdajì náà ní ìdajì, kí a sì wo ibi tí yóò gbé wa dé. Awò dúdú tí àwọn ènìyàn ń lò nínú oòrùn ní ìpele, ìlànà tí wọ́n ń tẹ̀ lé ní Yúróòpù sì là á kalẹ̀ pé èyí tí ó wà ní ìpele kẹta kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ tí ó kọjá ju ìdá 8 sí 18 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, ti ìpele kẹrin kò sì kọjá ìdá 3 sí 8. Síbẹ̀, ẹni tí ó wọ irú awò bẹ́ẹ̀ ń ka orúkọ tí a kọ sára ọkọ̀ ní òdìkejì títì, ó sì ń dá ojúlùmọ̀ rẹ̀ mọ̀ láàárín èrò. Dígí tí àwọn wẹ́dà fi ń bo ojú nígbà tí wọ́n bá ń jó irin tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ìmọ́lẹ̀ tí ń gba inú rẹ̀ kọjá kò tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún, bẹ́ẹ̀ ni wẹ́dà ń fi í rí ojú ibi tí irin ti ń yọ́ kedere. Ní òdìkejì ẹ̀wẹ̀, dígí fèrèsé lásán ń jẹ́ kí nǹkan bí ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún ìmọ́lẹ̀ kọjá, bí a bá sì fi ásíìdì ha ojú dígí kan náà títí yóò fi di bàìbàì, èyí tí ó pọ̀ jù nínú ìmọ́lẹ̀ náà ṣì ń kọjá, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò fi í dá ojú ènìyàn mọ̀. Èwo wá ni ìdajì nínú wọn? Bí ó bá jẹ́ pé dídín kù ìmọ́lẹ̀ ní í sọ nǹkan di translucent, awò oòrùn ni yóò kọ́kọ́ jẹ́ orúkọ náà, dígí wẹ́dà yóò sì jókòó ti pákó, nígbà tí dígí balùwẹ̀ yóò bá dígí fèrèsé gbé lókè àkàbà. Ta ni ó ṣe tán láti sọ bẹ́ẹ̀?

Àwọn tí ń ṣe ọ̀rá àti dígí fún títà kò tilẹ̀ dúró de àríyànjiyàn yìí kí wọ́n tó pinnu. Ìlànà tí ẹgbẹ́ ASTM ní Amẹ́ríkà ṣe, tí wọ́n ń pè ní D1003, ní kí a wọn ohun méjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ lára ọ̀rá àti irú ohun bẹ́ẹ̀ tí ìmọ́lẹ̀ ń gba inú rẹ̀ kọjá. Ohun kìíní ni iye gbogbo ìmọ́lẹ̀ tí ó kọjá. Ohun kejì ni ohun tí wọ́n ń pè ní haze, èyíinì ni ìdá tí ó yà kúrò lójú ọ̀nà rẹ̀ ju dígíríì 2.5 lọ nínú ìmọ́lẹ̀ tí ó ti kọjá náà. Bí ìdá yìí bá ju 30 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, a ti ka ohun náà mọ́ àwọn tí ń fọ́n ìmọ́lẹ̀ ká. Nọ́ńbà kìíní lè ga kí èkejì náà ga, ó sì lè lọ sílẹ̀ kí èkejì má ju òdo lọ. Bí ó bá jẹ́ pé ohun kan náà ni, kí ni wọ́n ń wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì sí?

Ẹ̀rí kejì wà nínú gbogbo ìwé ìròyìn tí a fi di àkàrà rí. Ibi tí òróró bá ti rin ìwé náà, àwọn lẹ́tà tí ó wà ní ẹ̀yìn rẹ̀ a yọ sí iwájú, ibi tí òróró kò dé a sì wà ní funfun. Ohun tí ó fà á kò ṣòro. Ìwé jẹ́ okùn tín-ín-tìn-ìn-tín tí afẹ́fẹ́ wà láàárín wọn, ìmọ́lẹ̀ a sì máa tẹ̀ nígbàkigbà tí ó bá ti inú okùn bọ́ sínú afẹ́fẹ́, tí ó tún ti inú afẹ́fẹ́ bọ́ sínú okùn, nítorí pé nọ́ńbà tí àwọn onímọ̀ fi ń sọ bí nǹkan ti ń tẹ ìmọ́lẹ̀ tó jẹ́ nǹkan bí 1.5 fún okùn ìwé, ó sì jẹ́ 1.0 fún afẹ́fẹ́. Òróró tí nọ́ńbà tirẹ̀ sún mọ́ 1.47 wá gba ipò afẹ́fẹ́, ìmọ́lẹ̀ kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ̀ mọ́ ìgbà tí ó ti inú ọ̀kan bọ́ sínú èkejì. Ìwé náà wúwo ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ohun tí ó wà nínú rẹ̀ pọ̀ sí i, síbẹ̀ ó ń fi òdìkejì hàn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bákan náà ni bí a bá da omi sí ojú dígí balùwẹ̀ níbi tí a ti ha á, tàbí tí a lẹ sẹ́lótéèpù tí ó mọ́ mọ́ ọn, ibẹ̀ yóò mọ́ lójijì, nítorí pé omi tàbí àtè ti dí àwọn kòtò kéékèèké tí ń yí ìmọ́lẹ̀ lọ́nà padà. Kí ẹnikẹ́ni da omi sí awò dúdú láti òwúrọ̀ di alẹ́, ǹjẹ́ yóò mọ́ ju bí ó ti wà lọ? Bí ó bá jẹ́ pé orí àkàbà kan náà ni awò dúdú àti dígí balùwẹ̀ jọ wà, èé ṣe tí ohun tí ó gbé ọ̀kan sókè kò fi lè mi èkejì?

Ẹ̀rí kẹta ni ti ọ̀nà jíjìn. Ìwé pẹlẹbẹ tí àwọn ayàwòrán ilé fi ń da àwòrán kọ ń jẹ́ kí gbogbo ìlà hàn ketekete bí a bá tẹ́ ẹ mọ́ orí àwòrán, ṣùgbọ́n bí a bá gbé e sókè ní ìwọ̀n ìka mélòó kan, àwọn ìlà náà yóò pòórá. Ẹni tí ó dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn dígí tí a ha lójú lè fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́, kí gbogbo ìka rẹ̀ máa hàn, ṣùgbọ́n bí ó bá sún sẹ́yìn díẹ̀, òjìji lásán ni yóò kù. Kí ni ó yí padà láàárín ìgbà méjèèjì? Dígí kò yí padà, ìmọ́lẹ̀ tí ó ń jẹ́ kí ó kọjá kò sì dín kù. Ohun tí ó yí padà ni àyè tí àwọn ìtànṣán tí ó fọ́n ká ní láti dàpọ̀ mọ́ ara wọn. Ohun tí ó dá lórí iye ìmọ́lẹ̀ kò lè hu irú ìwà yìí, nítorí pé bí ohun tí à ń wò bá fara kan awò oòrùn, tàbí tí ó jìnnà sí i, àwòrán rẹ̀ kì í dàrú.

Ìgbà ọyẹ́ pàápàá ń jẹ́rìí. Nígbà tí eruku láti aṣálẹ̀ Sàhárà bá bo ojú sánmà ilẹ̀ Yorùbá, kò sí ẹni tí í tan fìtílà ní ọ̀sán gangan, nítorí ìmọ́lẹ̀ pọ̀ ní ìta. Ṣùgbọ́n òkè tí ó wà lọ́ọ̀ọ́kán ti pòórá, ọkọ̀ òfuurufú kò sì lè balẹ̀. Awakọ̀ òfuurufú náà kò ṣaláìní ìmọ́lẹ̀, ètò inú ìmọ́lẹ̀ ni ó bàjẹ́ mọ́ ọn lójú. Ẹni tí ó ń wa ọkọ̀ nínú ìkùukùu òwúrọ̀ tí ó sì tan iná ńlá ọkọ̀ rẹ̀ a rí i pé ojú òun tún ṣú sí i, nítorí pé ìkùukùu náà ń fọ́n ìmọ́lẹ̀ náà padà sí òun lójú. Bí ó bá jẹ́ pé ìdajì ìmọ́lẹ̀ ni ìṣòro náà, èé ṣe tí fífi ìmọ́lẹ̀ kún un fi ń ba nǹkan jẹ́?

Ó wá ku àwọn ẹlẹ́rìí tí àwọn alákàbà fúnra wọn pè. Òótọ́ ni pé Johnson àti Milton lo translucent fún ohun tí ó mọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rí wọn ń ta ko ẹni tí ó pè wọ́n. Johnson kò sọ pé ọ̀kan jẹ́ ìdajì èkejì, ohun tí ó sọ ni pé ọgbọọgba ni wọ́n. Ẹni tí ó bá fẹ́ di ìtumọ̀ rẹ̀ mú gbọ́dọ̀ pe omi tí ó tòrò ní translucent lónìí, kí ó sì ju àkàbà rẹ̀ nù. Bí ìtàn ni wọ́n bá fẹ́, ẹ jẹ́ kí a dé orísun rẹ̀. Inú èdè Látìnì ni ọ̀rọ̀ méjèèjì ti wá: lucere, tí ó wà nínú translucent, ni kí nǹkan tàn, parere, tí ó wà nínú transparent, ni kí nǹkan fara hàn. Ọ̀kan ń sọ pé ìmọ́lẹ̀ tàn kọjá, èkejì ń sọ pé ohun kan fara hàn láti òdìkejì. Láti ìpìlẹ̀ ni ìyàtọ̀ náà ti wà, ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ sì ti sọ ọ́ di dandan. Àwọn oníṣòwò òkúta iyebíye ńkọ́? Ìtòlẹ́sẹẹsẹ wọn ní ipò kan fún semitransparent, èyíinì ni ohun tí ó mọ́ dé ìdajì, ó sì ní ipò mìíràn ọ̀tọ̀ fún translucent. Bí ohun kan náà bá ni wọ́n, kí ni oníṣòwò ń fi orúkọ méjì ṣe?

Nínú iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni èrò yìí ti gbilẹ̀ jù, ibẹ̀ náà ni ó sì ti tú ara rẹ̀ fó. Nínú èdè ètò tí wọ́n ń pè ní Java, TRANSLUCENT ni orúkọ tí wọ́n fún gbogbo àwòrán tí ohun tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ lè hàn dé ìwọ̀n kan láàárín òdo àti ọ̀kan, gẹ́gẹ́ bí ọgbọ́n ìṣirò alpha tí Thomas Porter àti Tom Duff là kalẹ̀ ní ọdún 1984. Ṣùgbọ́n ohun tí ó wà lẹ́yìn irú àwòrán bẹ́ẹ̀ kì í dàrú. Gbogbo etí rẹ̀ a máa hàn gedegbe, àwọ̀ rẹ̀ nìkan ni í ṣá. Nígbà tí Microsoft gbé Windows Vista jáde fún gbogbo ènìyàn ní oṣù kìíní ọdún 2007, tí wọ́n sì fẹ́ kí etí fèrèsé orí kọ̀ǹpútà náà dàbí dígí bàìbàì, wọn kò dúró sí dídín àwọ̀ kù, wọ́n tún da ohun tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ rú. Èé ṣe? Nítorí pé bí a bá kàn dín àwọ̀ kù, lẹ́tà ẹ̀yìn a máa bá lẹ́tà iwájú jà, ojú kò sì ní lè ka ọ̀kankan. Àwọn tí ó fẹ́ translucent ní tòótọ́ ti rí i pé dídín kù kò lè fún wọn. Àfi fífọ́n ká.

Àwíjàre ìrọ̀rùn fún ọmọdé ni ó kù, ìdáhùn rẹ̀ kò sì gùn: bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Bí ọmọdé tilẹ̀ nílò àlàyé tí ó rọrùn, kò nílò àlàyé tí ó ṣì í lọ́nà, nítorí pé àṣìṣe yìí ní èrè tí ó korò. Àìsàn ojú tí àwọn dókítà ń pè ní cataract, tí ó ń fọ́ ojú àwọn ènìyàn ju àìsàn mìíràn lọ ní gbogbo àgbáyé, kò ju pé dígí kékeré tí ó wà nínú ẹyinjú kúrò ní transparent, ó di translucent. Àwọn purotéènì inú rẹ̀ ṣù pọ̀, wọ́n sì ń fọ́n ìmọ́lẹ̀ ká. Ẹni tí ó ní i lára gidigidi ṣì lè mọ ọ̀sán yàtọ̀ sí òru, ó lè nàka sí ibi tí fìtílà wà, ṣùgbọ́n kò lè dá ọmọ rẹ̀ mọ̀. Àwọn ará ilé tí a ti kọ́ pé ìdajì ìmọ́lẹ̀ ni ìṣòro náà yóò lọ ra gílóòbù tí ó mọ́lẹ̀ jù, iná náà yóò sì máa ta á lójú, nígbà tí ohun tí yóò wò ó sàn ni iṣẹ́ abẹ tí a ó fi yọ dígí tí ó bàjẹ́ náà, kí a sì fi òmíràn rọ́pò rẹ̀.

Àkàbà náà tún ń bu ohun tí ó níye lórí kù, nítorí pé ó ń pe ohun tí ènìyàn mọ̀ọ́mọ̀ wá ní ìkùnà. Gordon Bunshaft fi òkúta mábù Vermont tí ó nípọn tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta ṣe ògiri ilé ìkàwé Beinecke ní Yunifásítì Yale, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1963, kí ìmọ́lẹ̀ lè máa wọlé kí ìtànṣán oòrùn má sì ba àwọn ìwé àtijọ́ tí ó wà nínú rẹ̀ jẹ́. Àwọn ará Japan ń fi ìwé ṣe ilẹ̀kùn àti fèrèsé, àwọn ará Filipínì fi ìkarawun capiz ṣe tiwọn, bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn tí ń ṣe gílóòbù ń fi ìbòrí funfun bo iná kí ó má baà gún ojú. Èwo nínú wọn ni ó ń wá dígí tí ó mọ́ gaara tí kò rí i? Dígí tí ó mọ́ gaara a máa jẹ́ kí oòrùn ṣù jọ sí ojú kan nínú yàrá, ohun tí ó jẹ́ translucent a sì máa pín ìmọ́lẹ̀ náà kárí. Iṣẹ́ tí èyí ń ṣe, èyí kìíní kò lè ṣe é láéláé.

Kí àwọn olùkọ́, àwọn olùtumọ̀ àti àwọn tí ń ṣe ìwé atúmọ̀-èdè pa ọ̀rọ̀ ìdajì yìí tì. Ohun tí ó mọ́ dé ìdajì ni ohun tí ó dín ìmọ́lẹ̀ kù tí ó sì fi àwòrán sílẹ̀ bí ó ti wà, bíi awò oòrùn. Orúkọ tirẹ̀ ni semitransparent, kí a jẹ́ kí ó máa jẹ́ ẹ. Translucent ni ohun tí ó ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ kọjá tí ó sì ń tú àwòrán ká. Gbólóhùn yìí kò gùn ju irọ́ tí a ti ń kọ́ àwọn ọmọ lọ, kò ṣòro fún ọmọdé láti há sórí, ó sì bá dígí mu, ó bá ìwé mu, ó bá ọyẹ́ mu, ó bá ẹyinjú mu, láìsí ọ̀kan tí yóò já a ní irọ́. Transparent ń fi ohun hàn, opaque ń dínà mọ́ ìmọ́lẹ̀, translucent ń fọ́n ìmọ́lẹ̀ ká. Ìwà mẹ́ta ni, kò sí ìdajì nínú wọn.